Síkáànù ní orí mi mọ́, ṣùgbọ́n oṣù kẹrin rèé tí ẹ̀fọ́rí kò fi mí sílẹ̀

TíṣàÒkèFìà | Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Ọ̀ṣogbo nílé lóko. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Oṣù kẹrin rèé tí mo já bọ́ lórí ọ̀kadà lábẹ́ afárá Ọlá-Ìyà. Ẹnì kan ló ṣàdédé bọ́ sójú títì, ọlọ́kadà tẹ bíréèkì, èmi tí mo wà lẹ́yìn sì fò sókè, mo fi ẹ̀gbẹ́ orí ọ̀tún balẹ̀. Wọ́n ní n kò mọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ohun tí mo kọ́kọ́ rántí ni ohùn obìnrin kan tó ń pariwo pé kí wọ́n má da omi sí mi lára. Nílé ìwòsàn wọ́n ya àwòrán inú orí mi, síkáànù tó gbé owó oṣù mi lọ pátá, dókítà sì ní kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí egungun tó sán, pé ọpọlọ mi kàn mì ni, pé ó fúyẹ́, kí n lọ sinmi.

“Ó fúyẹ́” yẹn ló ń bí mi nínú. Láti ọjọ́ kejì ni orí ti ń fọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni, á máa lù kì-kì-kì bí ẹni ń gún elùbọ́. Bí oòrùn bá ta sí mi lójú, èébì á fẹ́ gbé mi. Ọmọ 46 ló wà ní kíláàsì mi. Bí wọ́n bá ti jùmọ̀ ń ka ábídí, mo máa ń jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé. Orúkọ ọmọ tí mo ti ń kọ́ láti ọdún tó kọjá, mo máa ń wá a tì lẹ́nu.

Ọkọ mi ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ ọ́ lójú mi pé síkáànù kì í parọ́, pé iṣẹ́ ni n kò fẹ́ ṣe. Màmá mi ní tiwọn ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ rí dókítà mìíràn. Mo rò pé oògùn tó lágbára ni yóò kọ fún mi. Ìwé ìkọ̀wé, irú èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń lò, ló nà sí mi! Ó ní kí n máa kọ gbogbo ọjọ́ tí orí bá fọ́ mi, bó ṣe le tó láti 0 dé 10, iye wákàtí tí mo sùn, àti gbogbo hóró oògùn tí mo bá gbé mì, kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó ní bí àwọn olùwádìí ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣé wọ́n fẹ́ fi mí dán nǹkan wò ni? Ta ló mọ̀ nípa ìwádìí lórí irú ẹ̀fọ́rí yìí?

Ráṣídì_Ọlọ́kadà | Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ó dùn mí nítorí ìdí iṣẹ́ wa ló ti ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹ dé akoto? Mo mọ èsì kí n tó béèrè. Èrò kì í gbà á lọ́wọ́ wa. Obìnrin á ní ó ń ba irun òun jẹ́, ọkùnrin á ní orí ẹni tó dé e ṣáájú òun ń rùn.

Ẹ rántí January 2009 tí Road Safety sọ akoto di dandan fún ọlọ́kadà àti èrò? Àwọn kan lókè Ọya lọ dé igbá sórí. Nílé wa igbá la mọ akoto sí kí ọ̀kadà tó dé, nítorí náà n kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀. Ẹ má bínú pé mo ń ṣàwàdà. Ọlọ́run á wò yín sàn.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì | Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́

Kú ìfaradà, ọmọ mi. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìwádìí, dá mi lóhùn ná. Ṣé ẹ̀fọ́rí yìí ń le sí i lójoojúmọ́? Ṣé o ń bì léraléra? Ṣé apá tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ń rọ? Ṣé gìrì ti gbé ọ? Ṣé oorun ń gbé ọ débi tí wọn kò fi lè jí ọ? Ṣé omi tó mọ́ ń jò nímú tàbí létí rẹ? Bí èyíkéyìí bá wà níbẹ̀, má dúró de wa, alẹ́ yìí ni kí o gba ilé ìwòsàn lọ.

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé bàbá kan wà nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fi orí gbá àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn, wọn kò kà á sí. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Àṣé ẹ̀jẹ̀ ti ń jò díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ awọ tó bo ọpọlọ. Àgbàlagbà àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lu ihò sí agbárí, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde, bàbá sì padà sóko.

Ní ti “ó fúyẹ́,” kì í ṣe ìyà rẹ ni wọ́n ń wọ̀n. Ní 1974, dókítà méjì ní Glasgow, Teasdale àti Jennett, gbé òǹkà kan kalẹ̀. Bí ẹni tó ṣèṣe bá ṣe lajú, bó ṣe fọhùn, bó ṣe gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní máàkì. 15 ló pọ̀ jù, 3 ló kéré jù. Ẹni tó bá gba 13 sí 15, tí kò dákú tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí iyè rẹ̀ kò sì dàrú ju ọjọ́ kan lọ, òun ni wọ́n ń sọ pé tirẹ̀ fúyẹ́. Ọjọ́ tí o ṣubú ni orúkọ yẹn ń sọ. Kò mọ nǹkan kan nípa oṣù kẹrin.

TíṣàÒkèFìà | Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Màmá, ẹ ṣeun. Kò sí ìkankan níbẹ̀. Èébì a máa gbé mi ni, ṣùgbọ́n n kì í bì. Kò le sí i, kò sì rọlẹ̀. Ó kàn jókòó tì mí bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.

Àtakò_Gidi | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:47 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò ní fẹ́ gbọ́. Ní Lithuania, ní 1996, wọ́n ṣe ìwádìí kan lórí àwọn tí ọkọ̀ gbá láti ẹ̀yìn, irú èyí tó máa ń ju ọrùn síwá sẹ́yìn. Lórílẹ̀-èdè yẹn nígbà náà, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìbánigbófò ọkọ̀ tí èèyàn lè gba owó ìtánràn lórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àìsàn á pẹ́ lára òun. Nígbà tó yá, ẹ̀fọ́rí àti ọrùn ríro kò pọ̀ lára wọn ju ti àwọn tí ọkọ̀ kò gbá rí lọ. Wọ́n tún wo àwọn tí ọpọlọ wọn mì nílùú Kaunas, ohun tó jọ ọ́ náà ni wọ́n rí.

Ẹni tó bá ń retí àìsàn, àìsàn á yà síbẹ̀. N kò sọ pé Tíṣà ń parọ́. Mo ní bí gbogbo ilé bá ń béèrè láràárọ̀ pé “orí ńkọ́?”, orí á dáhùn.

Ọmọ_Aláró | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Àtakò, ẹ gbé orí tiyín lu kọnkéré kí ẹ wá padà wá fún wa ní ìwáàsù yìí.

Alábòójútó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Ọmọ_Aláró, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá ọ̀rọ̀ jà, ẹ má bá èèyàn jà.

Òǹkàwé_Ọpọlọ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:16 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Ìmọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mò ń kà ní yunifásítì, èmi kì í ṣe dókítà, ẹ fi sọ́kàn.

Ìwádìí Lithuania tí Àtakò mẹ́nu bà wà lóòótọ́, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí kejì kí ẹ tó dájọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe ìwádìí tó ń jẹ́ TRACK-TBI tẹ̀lé èèyàn 1,154 tí orí wọn ṣèṣe lọ́nà “fífúyẹ́” yìí, láti ilé ìwòsàn títí ọdún fi yípo. Ní 2019 ni wọ́n gbé èsì jáde. 53 nínú 100 ló ṣì ní nǹkan kan nínú ìgbé ayé wọn tí wọn kò lè ṣe dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé Ọmọ_Aláró á ti fẹ́ pariwo pé “Ẹ ò rí nǹkan!” Ẹ dúró ná. Wọ́n tún tẹ̀lé àwọn mìíràn tí jàǹbá ṣe, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé apá, ẹsẹ̀ tàbí egungun ibòmíràn ló kàn, orí wọn kò fara gbá. Nínú àwọn yẹn náà, 38 nínú 100 ló sọ bákan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyẹn o. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ní ọ̀lẹ, síbẹ̀ 38 nínú wọn kò tíì bọ̀ sípò lẹ́yìn ọdún kan. Jàǹbá fúnra rẹ̀ a máa jẹ èèyàn: ẹ̀rù, àìrí oorun sùn, gbèsè, ara ríro. Ìyẹn ni apá ibi tí Àtakò ti jàre. Ṣùgbọ́n láti 38 dé 53, ààyè kan ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ̀rù àti gbèsè nìkan kò kún. Orí la lè fura sí níbẹ̀. Lóòótọ́ kì í ṣe ẹ̀fọ́rí nìkan ni wọ́n kà nínú ìwádìí yẹn, àmọ́ ó tó láti fi sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ Tíṣà pé ohun tí síkáànù ń wò yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ àti egungun ni síkáànù ń wá. Iṣan tín-ín-tìn-ìn-tín tó nà tàbí tó tẹ̀ nígbà tí ọpọlọ mì, kò lè rí i.

Ní ti orúkọ, ẹ̀yin Tíṣà ti wọ inú ìwé wọn. Nínú ẹ̀dà kẹta ìwé tí àwọn onímọ̀ ẹ̀fọ́rí lágbàáyé fi ń to ẹ̀fọ́rí sí ìsọ̀rí, tó jáde ní 2018, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje lẹ́yìn tí orí fara gbá ni wọ́n ń kà sí ti ìfarapa náà. Bó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, ó ti di ẹ̀fọ́rí tó ta gbòǹgbò. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe tiyín, ó jọ túúlu: ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń lù, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo ń ni yín lára. Irú èyí wọ́pọ̀ láàárín wọn.

Ìyá_Kẹ́mísì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:40 ọ̀sán

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Àǹtí Tíṣà, oògùn wo lẹ ń lò, ọjọ́ mélòó lẹ fi ń lò ó lóṣù kan?

TíṣàÒkèFìà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:25 ọ̀sán

Paracetamol méjì láàárọ̀ kí n tó lọ síléèwé. Bí kò bá gbọ́, èyí tó ní kafíìnì nínú lọ́sàn-án. Ibuprofen lálẹ́, kì í ṣe gbogbo alẹ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń lo nǹkan kan, kí n má parọ́.

Ìyá_Kẹ́mísì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:51 ọ̀sán

Mo fura! Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ta oògùn nítòsí Ọjà-Ọba, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi. Oníbàárà tó ń ra oògùn ẹ̀fọ́rí lójoojúmọ́ ni oníbàárà tó dára jù fún àpò mi, òun náà ni oògùn sì ń bà jẹ́ jù. Oògùn apàrora tí a bá ń lò ní àlòjù a máa bí ẹ̀fọ́rí tirẹ̀. Ó ní iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń kà á. Paracetamol nìkan tàbí ibuprofen nìkan, bó bá tó ọjọ́ 15 lóṣù, tó sì ti lé lóṣù mẹ́ta, ewu ti dé. Àwọn àpòpọ̀ tó ní kafíìnì nínú, tramadol, àti oògùn túúlu tí orúkọ wọn parí sí “triptan,” ọjọ́ 10 péré ni tiwọn.

Ṣé ẹ wá rí i? Orí fọ́ yín nítorí pé ẹ ṣubú. Ẹ lo oògùn. Oògùn náà ń mú kí orí fọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ tún lo oògùn. Síkáànù kò lè rí ìyẹn, dókítà náà kò lè rí i. Ìwé ìkọ̀wé yẹn nìkan ló lè rí i. Dókítà yín gbọ́n ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ mi jáwọ́ lójijì. Bó bá jẹ́ pé tramadol wà níbẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà ṣètò rẹ̀. Ibuprofen alẹ́ yẹn, ṣé orí oúnjẹ ni? Ẹ ṣọ́ inú yín àti kíndìnrín yín o.

Ọmọ_Aláró | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:12 alẹ́

Èmi ni mo fẹ́ jẹ Àtakò níyà láàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ara ló ń ta mí. Adìrẹ ni mò ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọdún kẹta rèé tí mo yọ̀ lórí omi aró, tí mo fi ìpàkọ́ lulẹ̀. Wọ́n ní kí n sinmi. Mo sinmi! Wọ́n fi aṣọ dúdú dí fèrèsé, odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi sùn sínú òkùnkùn, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fóònù, wọn kò jẹ́ kí n gbá ilẹ̀. Ara mi wá ń bà jẹ́ sí i. Bí mo bá rìn dé ẹnu ọ̀nà, òòyì á kọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé mo ti kú tán, ìsìnkú ló kù.

Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́?

Òǹkàwé_Ọpọlọ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́

Rárá, àǹtí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni, káàkiri ayé, nítorí ó bọ́gbọ́n mu létí. Ìwádìí ló yí i padà. Ní 2015, wọ́n tẹ èsì kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí orí wọn ṣèṣe. Wọ́n ní kí apá kan sinmi gidi fún ọjọ́ márùn-ún, kí apá kejì sinmi fún ọjọ́ kan sí méjì bí ìṣe dókítà. Àwọn tó sinmi pẹ́ ló ráhùn jù. Ní 2019, àwọn kan ní Buffalo fi ìdánrayá wẹ́rẹ́, irú èyí tí kò mú kí ẹ̀fọ́rí le, wé kí èèyàn kàn máa na iṣan lásán, láàárín ọ̀dọ́ tó fi orí ṣèṣe nídìí eré ìdárayá. Àwọn tó ṣe ìdánrayá gbádùn ní ọjọ́ 13, àwọn kejì ní ọjọ́ 17.

Ti fóònù ní tiẹ̀ ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nìkan ni. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2021, àwọn tó yẹra fún ojú fóònù àti tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí 48 gbádùn ní bí ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀, àwọn tó ń wò ó ní bí ọjọ́ mẹ́jọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ pàdé ní Amsterdam ní 2022 lórí irú ìfarapa yìí nínú eré ìdárayá, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni kí èèyàn rọra sinmi fún ọjọ́ kan sí méjì, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Òkùnkùn oṣù mẹ́ta kò sí níbẹ̀ rárá.

Kí n sòótọ́, ọ̀dọ́ àti eléré ìdárayá ló pọ̀ nínú ìwádìí wọ̀nyí, kì í ṣe aláró tàbí tíṣà. Ẹ̀yin ẹ jẹ́ kí ara yín máa sọ fún yín.

Ọmọ_Aláró | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:48 alẹ́

Ara mi ló sọ ọ́! Nígbà tó sú mi, mo ya aṣọ dúdú yẹn kúrò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárọ̀ kùtù, lọ́jọ́ kìíní dé ilé kejì, ọ̀sẹ̀ kejì dé orí títì, títí mo fi ń rìn dé ẹnu igbó Ọ̀ṣun, tí mò ń padà. Kò tíì tán pátápátá. Bó bá fẹ́ dé mo ti ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti padà sídìí ìkòkò aró mi.

Bọ́lájí_Dùgbẹ̀ | Ọjọ́rú, 10:03 àárọ̀

Gbogbo ìwádìí tí ẹ ń kà yìí, Amẹ́ríkà, Denmark, Lithuania. Tiwa dà? Bí wọ́n bá sì ní kí a ṣe tiwa, ta ló máa gbà? Ẹ ti gbàgbé Kano 1996? Ilé iṣẹ́ oògùn kan wá láti Amẹ́ríkà nígbà àrùn yírùnyírùn, wọ́n fi oògùn tuntun dán ọmọ 200 wò, ìdajì gba tuntun, ìdajì gba èyí tí wọ́n ti mọ̀. Ọmọ 11 kú, nínú ìhà méjèèjì. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó là á yé àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà pẹ́ títí wọ́n fi gbà láti san owó ní 2009. Tíṣà, ìbéèrè yín nípa “dán mi wò” kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì | Ọjọ́rú, 11:20 àárọ̀

Bọ́lájí, o sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dun àwa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n má jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ìdánwò oògùn lónìí gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣèwádìí lára wọn, NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ là á yé aláìsàn lédè tó gbọ́, kó tó fọwọ́ síwèé. Ó lè ní òun ò ṣe mọ́ nígbàkigbà, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ torí ẹ̀ yí padà. Ìwé ìkọ̀wé tí Tíṣà gbà kì í ṣe ìdánwò. Òun ló ni ín, òun ló ń kọ ọ́, ara rẹ̀ ló wà fún.

Ní ti “tiwa dà,” tiwa wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun àti àwọn ará Ìbàdàn lọ láti ilé dé ilé ní Igbó-Ọrà láti mọ iye ẹni tí ẹ̀fọ́rí ń bá fínra, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1992. Túúlu nìkan, bí 5 nínú 100 ni. Nínú ìwádìí CRASH-2, tó wo oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tó ṣèṣe, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2010, ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè 40 ló kópa, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀fọ́rí lẹ́yìn ìṣubú ọ̀kadà ni a kò rí ẹni mójú tó bó ṣe yẹ.

Òǹkàwé_Ọpọlọ | Ọjọ́rú, 1:15 ọ̀sán

Bọ́lájí dárúkọ Denmark, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì sọ ọ́. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti ka ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí ó máa yé yín ìdí tí dókítà kò fi kọ “oògùn tó lágbára.”

Èròjà kan wà tí iṣan orí ń tú jáde, CGRP lorúkọ rẹ̀, ó lọ́wọ́ nínú túúlu. Ní Copenhagen, àwọn olùwádìí mú ẹni 30 tí ẹ̀fọ́rí wọn ti ta gbòǹgbò lẹ́yìn ìfarapa orí tó fúyẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n fa CGRP sí wọn lára, lọ́jọ́ mìíràn omi iyọ̀ lásán, aláìsàn kò mọ èwo ni èwo. Lọ́jọ́ CGRP, 21 ni ẹ̀fọ́rí bíi túúlu gbé dìde lára wọn. Lọ́jọ́ omi iyọ̀, 6. Èsì yẹn jáde ní 2020. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nítorí ó fi hàn pé ẹ̀rọ kan ń ṣiṣẹ́ nínú orí wọn, kì í ṣe ìrònú lásán.

Ohun tó kàn ni pé kí wọ́n dí CGRP náà. Wọ́n fún àwọn aláìsàn ní abẹ́rẹ́ erenumab, gbogbo wọn mọ ohun tí wọ́n gbà, kò sí ẹgbẹ́ kejì tí wọ́n fi wé wọn. Ọjọ́ ẹ̀fọ́rí dín díẹ̀. Inú gbogbo ayé dùn. Ìwádìí mìíràn wá gbé abẹ́rẹ́ tó jọ ọ́, fremanezumab, ó fi wé abẹ́rẹ́ tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Oògùn kò ta òfìfo yọ.

Báwo ló ṣe jẹ́? Ẹ wo alágbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín. Ìgbà wo lẹ máa ń lọ bá a? Ọjọ́ tí ẹ̀fọ́rí bá dé góńgó ni. Ohun tó bá sì ti dé góńgó, ilẹ̀ ló kù tó ń bọ̀, yálà ẹ mu agbo tàbí ẹ kò mu ún. Alágbo ló máa gbowó, òun náà ló máa gba ìyìn. Abẹ́rẹ́ olówó gọbọi náà lè jẹ ìyìn alágbo, àfi tí a bá ní ẹgbẹ́ tó gba òfìfo.

Nítorí náà, títí di báyìí, oògùn túúlu àti ti ẹ̀fọ́rí lásán ni wọ́n ń yá lò fún irú èyí. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní pàtó fún un.

Àtakò_Gidi | Ọjọ́rú, 2:02 ọ̀sán

Mo gbà fún yín lórí 53 àti 38 yẹn. N kò tíì gbà lórí “orí ńkọ́?” láràárọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì | Ọjọ́rú, 2:30 ọ̀sán

Èmi gbà pẹ̀lú rẹ níbẹ̀. Tíṣà, sọ fún ọkọ rẹ kó máa béèrè pé “kí lo jẹ?” Ní ti ìyá rẹ, má bá wọn jà. Bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà sí ọ lórí, tẹrí fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé abẹ wá láti sín gbẹ́rẹ́ sí ọ lórí, rán wọn létí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

TíṣàÒkèFìà | Ọjọ́ Àìkú, 5:18 ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣèlérí nínú ọkàn mi pé n ó padà wá.

Mo kọ ọ́ fún ọjọ́ 28. Orí fọ́ mi fún ọjọ́ 26. Ọjọ́ tí mo lo oògùn jẹ́ 25. Nígbà tí mo fi bírò pupa yí oògùn po, tí mo fi aláwọ̀ ewé yí ọjọ́ tó le jù po, ojú tì mí: ọjọ́ tí oògùn kafíìnì bá wà, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni aláwọ̀ ewé sábà máa ń wà. Mo rí i fúnra mi, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ohun mìíràn tí mo rí ni pé gbogbo Sátidé ni máàkì mi máa ń lọ sílẹ̀. Mo rò pé ìsinmi ni, títí mo fi wo òpó oorun: Sátidé nìkan ni mo ń sùn tó wákàtí méje.

Dókítà wò ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fọwọ́ tẹ ọrùn mi, ó ní iṣan ibẹ̀ le gbagidi, ó darí mi sọ́dọ̀ àwọn afìdánrayá-woni. Ó dá kafíìnì dúró, ó ní kí apàrora yòókù má kọjá ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ó fún mi ní amitriptyline, oògùn tó ń dènà ẹ̀fọ́rí, ìwọ̀n kékeré lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo jáwọ́, ojú mi rí màbo. Ìyá_Kẹ́mísì, ẹ ò sọ ìyẹn fún mi! Ọ̀sẹ̀ yìí, ọjọ́ mẹ́rin ló fọ́ mi. N kò mọ̀ bóyá oògùn ni, bóyá rírìn àárọ̀ ni, bóyá ilẹ̀ tó kù tó ń bọ̀ ni, bí Òǹkàwé ṣe wí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá sílé lọ́jọ́ Ẹtì, ó bá ìwé náà lórí tábìlì, ó rò pé tọmọ iléèwé ni. Ó ṣí i. Ó kà á tó ojú-ewé mẹ́rin, ó dé ọjọ́ kan tí mo kọ “9, mo sunkún nínú ilé ìwẹ̀ kí àwọn ọmọ má bàa gbọ́.” Ó pa á dé, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó ń lọ ló ní kí ọkọ mi gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa.

Ráṣídì, ẹ dákun, ibo ni wọ́n ti ń ta akoto tí kò rùn?

Ráṣídì_Ọlọ́kadà | Ọjọ́ Àìkú, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ra èkejì láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dé e. Òkè-Fìà ni àbí iléèwé ni kí n ti wá gbé yín lọ́la?